Ìkòkò Méjì Nínú Ara Wọn: Ìrírí Oṣù Mẹ́wàá Nínú Ilé Ìdáná Kan ní Kubwa

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni mo ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá kan àti kékeré kan, kí n lè máa fi wọ́n tọ́jú ẹ̀fọ́, ata àti tòmátì láìsí iná mànàmáná. Oṣù mẹ́wàá ti kọjá báyìí, ojú mi sì ti rí ohun tí ó tó láti sọ fún ẹni tí ó bá ń rò ó bóyá kí òun náà ra irú rẹ̀. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta ni a wà nínú ilé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni àyè máa ń gbà mí láti lọ sí ọjà Kubwa níbí ní Abuja, ẹni tí ó bá sì ń ra ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi tèmi mọ ohun tí ó máa ń bá nínú ọ̀rá tí ó bá di Ọjọ́rú: ewé tí ó ti rà, omi dúdú tí ó ń yọ̀, àti òórùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dúró nílé ìdáná. Owó ni mo ń dà sínú pàǹtírí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fíríìjì kò ṣàìsí nílé wa. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A (àwọn tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún) sókè sí ₦225 lórí ẹyọ iná kan, ni a ti ń pa á ní òru, tí a sì ń tàn án ní ọ̀sán. Ẹran àti ẹja tí ó ti di yìnyín lè fara da èyí. Ẹ̀fọ́ kò lè fara dà á. Bí fíríìjì bá kú, ọ̀rá tí ewé wà nínú rẹ̀ a làágùn. Bí ó bá tún jí, omi náà a tutù mọ́ ewé lára. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti etí wá.

Ọgbọ́n ìkòkò méjì yìí ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ láti ilẹ̀ wa ni olóògbé Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa tí a bí sí ìdílé àwọn amọ̀kòkò. Ní àwọn ọdún 1990 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìkòkò náà fún àwọn ará abúlé tí kò ní iná, ó sì gba ẹ̀bùn tí ilé-iṣẹ́ aago Rolex ń fúnni nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Nínú àyẹ̀wò tí ó ṣe, ìgbá tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ kí ó tó bàjẹ́ lo ọjọ́ 27. Tòmátì àti ata lo ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ̀fọ́ tí ọjọ́ kan ṣoṣo máa ń bà jẹ́ ṣì ṣeé jẹ lẹ́yìn ọjọ́ 12. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ìkòkò kékeré ni a gbé sínú ńlá, iyanrìn tí a bu omi sí ni a sì kó sí àárín wọn. Amọ̀ tí a kò kùn ní ohunkóhun ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Omi inú iyanrìn a máa gba ibẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ìkòkò, atẹ́gùn gbígbẹ a sì máa fà á lọ. Kí omi tó lè gbẹ, ó ní láti gba ooru lára ohun tí ó wà, ara ìkòkò ni ó sì ti ń gbà á, tí inú yóò fi tutù. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí kò tíì nura, tí ó dúró sí ojú ọyẹ́, kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Màámi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kejì, wọ́n yí ìkòkò náà po, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì wò mí. Wọ́n ní, “Ìyá Tóbi, kí ni àmù ṣe fún ọ tí o fi da iyanrìn sí i nínú?” Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé àmù náà ni. Ohun tí ó ń mú omi àmù tutù ní igun yàrá ìyá-ìyá wa náà ni ó ń mú ẹ̀fọ́ mi tutù, àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí sì ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní randa.

Ìkòkò tí mo ń yìn yìí kọ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìkòkò òdòdó láàárín ìlú ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo sì san ₦18,000 fún méjì tí ó rẹwà, tí ó pọ́n bí epo, tí ó ń dán. Ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi fi ọwọ́ sọ àyà pé ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bu omi sí iyanrìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìkòkò gbẹ bí awo ìjẹun, inú rẹ̀ sì gbóná bí ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha á ni mo rí i pé ọ̀dà dídán ni wọ́n fi kùn ún yíká. Ìkòkò tí kò lè làágùn kò lè tutù. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n ní ọjà tí a bá ti gbé kúrò kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn. Òdòdó ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, ó sì yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo gba ọ̀nà Suleja lọ. Kò yẹ kí n ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pé Suleja yìí ni a ń pè ní Abuja kí olú-ìlú tó gba orúkọ náà, ibẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí amọ̀kòkò òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 wà, níbi tí amọ̀kòkò obìnrin nì, Ladi Kwali, ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn obìnrin Gbagyi ti ń mọ ìkòkò ní agbègbè yìí tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó náà tó dé. Ẹni tí ó bá ní ₦20 lọ́wọ́ kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: Ladi Kwali ni obìnrin tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Hausa mi kò dá múṣémúṣé, tiwọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn sọ èyí tí ó kù. Wọ́n fi oríkèé ìka kan ìkòkò kan, ó dún gooro. Wọ́n kan òmíràn, ó dún bí pákó tí ó ti gba omi, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ó ti sán níbi tí ojú kò rí. Wọ́n bu omi ife kan sínú èyí tí ó dára, wọ́n ní kí n jókòó. Kí a tó parí ọ̀rọ̀ owó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣú, ó ti ń tutù lọ́wọ́. Ńlá jẹ́ ₦9,000, kékeré jẹ́ ₦5,000. Wọ́n yọ ₦1,000 fún mi. Mo san owó ìjókòó méjì nínú ọkọ̀ bọ̀ wá sílé, nítorí pé n kò gbà kí awakọ̀ gbé e sí búùtù.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Iyanrìn tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáńdì ni ó dára jù, nítorí pé iyanrìn kíkúnná máa ń dì pọ̀, kì í jẹ́ kí omi rìn. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ìkòkò ńlá ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, mo gbé kékeré lé e kí ẹnu méjèèjì lè dọ́gba, mo sì kó ìyókù sí àlàfo tí ó wà láàárín, tí kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Aṣọ ìnura àtijọ́ tí a rẹ sómi ni ìdérí rẹ̀. Ó dúró lórí bíríkì mẹ́ta ní bárándà ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn kì í dé. Ọjọ́ kìíní tí mo gbé e sí inú ilé ìdáná gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ṣe nǹkan kan tí ó jọjú. Àfi ibi tí atẹ́gùn bá wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bu omi sí iyanrìn rẹ̀, ní oṣù kìíní sì ni ó ń mu tó lítà méjì lóòjọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ògo rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kìíní, tẹmómítà fi hàn pé bárándà wa wà ní dígírì 33, inú ìkòkò kékeré sì wà ní dígírì 22. Kò tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò bèèrè fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó má baà jẹ́ pé inú dídùn ni mo fi ń ṣèdájọ́, mo pín ìdì ṣọkọ kan ṣoṣo sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé: ìkan nínú ìkòkò, ìkan nínú apẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìkan nínú fíríìjì wa tí ó ń kú tí ó ń jí. Ti apẹ̀rẹ̀ ti rọ bí aṣọ tí wọ́n fún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti pọ́n ráúráú. Ti fíríìjì ti dúdú létí ní Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀ ni mo yọ ti ìkòkò jáde. Mo ṣẹ́ igi rẹ̀ kan, ó dún pọ́kan. Ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìsàlẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, mo já wọn kúrò, mo fi irú àti ẹja gbígbẹ se ìyókù, ohun tí ó sì dé inú pàǹtírí lára ìpín yẹn kò kún ẹ̀kúnwọ́ kan.

Tòmátì tí mo rà nígbà tí kò tíì pọ́n tán lo ọjọ́ 16, ìgbá lo ọjọ́ 18, ata rodo sì súnmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ hu irun funfun ní ìdí. N kò tíì dé ibi tí Bah Abba dé, n kò sì rò pé mo lè dé ibẹ̀: afẹ́fẹ́ Jigawa gbẹ ju ti Abuja lọ, àwọn ọmọ mi sì ń ṣí aṣọ orí ìkòkò náà ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ láti wá ọsàn tí mo fi pamọ́ síbẹ̀. Ewédú nìkan ni ó já mi kulẹ̀ pátápátá. Bí a bá ti já a kúrò lára igi, ọjọ́ méjì ni, ó ti ń yọ̀. Àfi kí a kó o síbẹ̀ tigi-tewé, a ó sì lè rí ọjọ́ kẹrin.

Àwọn ohun kan wà tí kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Àkọ́kọ́ ni pé tòmátì pípọ́n kò gbọdọ̀ bá ewé gbé inú ìkòkò kan náà, nítorí pé èso tí ó bá pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí í mú kí ewé tètè pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì wà nínú irú èso bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń jẹ́ kí tòmátì pọ́n sórí pèpéle kí n tó kó o wọlé ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí ẹ̀fọ́. Èkejì ni pé a kì í fọ ẹ̀fọ́ kí a tó kó o sínú rẹ̀. Kí a tú okùn ìdì rẹ̀ nìkan, kí a yọ èyí tí ó ti fẹ́ bàjẹ́, ìgbà tí a bá fẹ́ sè é ni a ó fọ̀ ọ́. Àlùbọ́sà àti iṣu kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, gbígbẹ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹran tútù, ẹja àti ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, nítorí pé dígírì 22 tí ó ń tu ẹ̀fọ́ lára kò lè dá ìdíbàjẹ́ ẹran dúró. Mo rí ẹni tí ó ń fi irú ìkòkò yìí tọ́jú ẹja, ẹ̀rù sì bà mí.

Àṣìṣe tèmi wá láti inú àṣejù. Ní ọjọ́ kan mo ní kí ni mo ṣe ń da omi ìfọ̀rẹsì nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sí iyanrìn dípò omi lásán. Inú mi dùn sí ara mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, òórùn bí ti ògì tí ó ti kan jù gba gbogbo bárándà, èèrùn tò láti ògiri wá sí ìdí ìkòkò. Mo kó gbogbo iyanrìn jáde, mo yan án nínú agbada títí ó fi gbẹ, mo sì tún un tò. Omi mímọ́ nìkan ni mo ń lò láti ìgbà náà. Ìdí ata tí mo gbìn sínú kẹ́ẹ̀gì ni omi ìrẹsì ń lọ. Omi mímọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: kànga ẹ̀rọ ni a ń lò ní àdúgbò wa, ẹfun inú omi rẹ̀ sì máa ń tò sí ẹ̀yìn ìkòkò bí iyọ̀ funfun tí ó bá gbẹ. Bí a bá fi í sílẹ̀, a dí àwọn ihò náà, ìkòkò a sì jáwọ́ nínú làágùn. Oṣooṣù ni mo ń fi kànrìnkàn àti omi gbo ó láìfi ọṣẹ kàn án.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin, ìròyìn mi sì yí padà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, kò sí ibi tí omi ara ìkòkò yóò gbẹ lọ. Ní oṣù keje mo wọ̀n ọ́n: bárándà wà ní dígírì 27, inú ìkòkò wà ní 25. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo kó sí i hu irun funfun ní ọjọ́ kejì, èyí tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ sì sàn jù ú lọ. Ohun tí ó dùn mí nínú èyí ni pé ìgbà òjò gan-an ni tòmátì máa ń wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí tòmátì tí wọ́n ń bomi rin láti Kadawa ní Kano àti agbègbè Zaria bá kún ọjà, tí kò sí ẹni tí yóò sunkún bí díẹ̀ bá bàjẹ́, ni ìkòkò mọ iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kékeré bá di góòlù, ni ó káwọ́ lẹ́rán.

Ohun tí ó gbà mí là ni ìṣe kan tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́ láìronú jìnnà. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mo máa ń yọ ohun gbogbo tí ó wà nínú ìkòkò síta. Èyí tí ó bá ti rọ̀ nínú tòmátì àti tàtàṣé ni mo ń rẹ́ pẹlẹbẹ, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo sá a sórí atẹ́ ní bárándà, mo fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Ọjọ́ mẹ́ta ọyẹ́ tó láti sọ ọ́ di ohun tí ó ń dún wárawàra. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta, mo ti kún ìgò ńlá méjì, àwọn ni a sì fi ń kún ọbẹ̀ títí di ìparí oṣù keje. Ẹni tí ó bá ti ra tòmátì gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn Hausa ní ọjà mọ adùn rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí a rẹ ẹ́ sómi gbígbóná díẹ̀ kí a tó lọ̀ ọ́. Ká sọ òótọ́, yíyẹ inú ìkòkò wò ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí ti dín ohun tí à ń dà nù kù tó bí ìkòkò fúnra rẹ̀ ti ṣe. Nígbà tí gbogbo nǹkan wà nínú fíríìjì, lẹ́yìn ọ̀rá mẹ́jọ, n kì í mọ ohun tí mo ní.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni mo ń gbé lọ sí ọjà báyìí, nítorí pé ẹ̀fọ́ tí ó bá wá nínú ọ̀rá ti gbóná kí ó tó délé. Èèpo iṣu, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń lọ sọ́dọ̀ mègádì ilé wa tí ó ń sin àgbò méjì, kò sì sí àárọ̀ kan tí kò bèèrè wọn.

Ṣé kí ènìyàn rà á? Bí o bá ń gbé Abuja tàbí ìhà àríwá rẹ̀, tí o ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí o sì lè rántí omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ₦13,000 tí mo san ti padà sọ́wọ́ mi kí oṣù kejì tó parí, nítorí pé ẹ̀fọ́ àti ata tí mo ń dà nù tẹ́lẹ̀ kò ṣe é kà. Bí o bá ń gbé nínú fúláàtì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Ó wúwo púpọ̀ nígbà tí iyanrìn bá tutù tán, nítorí náà ibi tí o bá kọ́kọ́ gbé e sí ni yóò wà. Ó sì ń fọ́: ọmọ mi àbúrò ti fi bọ́ọ̀lù gbá ẹnu kékeré já níbì kan, aṣọ ìnura ni ó ń bo àbùkù náà. Fún oṣù márùn-ún ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, n kò rí ohun tí n ó fi wé e ní iye owó yẹn. Fún ìgbà òjò, òdo ni.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, mo ti kó iyanrìn rẹ̀ sínú àpò, mo sá ìkòkò méjèèjì sóòrùn ọjọ́ díẹ̀ tí ó yọ, àlùbọ́sà ni ó sì wà nínú kékeré títí ọyẹ́ yóò fi tún dé. Màámi gbé ọ̀kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n ń padà. Ọ̀nà Suleja náà ni a gbà lọ rà á, àwọn ni wọ́n sì fi ìka kàn án. Mo pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí iyanrìn sí i. Wọ́n ní, “Iyanrìn kẹ̀? Omi mímu ni mo pọn sí i.”